Bí kẹ̀kẹ́ ológeere bá yọnu lọ́nà jíjìn, ọwọ́ ẹni la fi ń tún un ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn àjò jíjìn mu gan-an ni. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí kì í yọnu. Bó pẹ́ bó yá, táyà á jò, ṣéènì á já, sípókù á kán, bíréèkì á jẹ tán. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, tó sì ti múra dè wọ́n, kò ní í sun ojú ọ̀nà.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá kò fara sin. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí ₦190 lítà kan fò sókè kọjá ₦450 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn sọ owó ọ̀kadà dà láti abúlé dé ọjà? Àgbẹ̀ tó ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó fi ti ògiri kò jẹ̀bi bó bá ń rò ó pé kí òun nu eruku ara rẹ̀ kúrò, kí òun tún máa gùn ún.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ lè padà sójú ọ̀nà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá dákú láàárín igbó, tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí oòrùn sì ń wọ̀, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ló bàjẹ́. Ẹ̀fọ́ á rọ, tòmátì á fọ́, ọjà á tú, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ èèyàn lórí. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó jìnnà gbọ́dọ̀ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dání, kó sì mọ̀ ọ́n lò kó tó jáde nílé.

NÍGBÀ TÍ KẸ̀KẸ́ JẸ́ ỌKỌ̀ ÀGBẸ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dàgbà sí àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà kò nílò kí ẹnikẹ́ni pa ìtàn yìí fún yín. Nígbà tí kòkó ń jẹ́ kòkó, àgbẹ̀ tó bá ríṣe kò ní í fi kẹ̀kẹ́ du ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e láti ilé tó wà ní Ìbàdàn lọ sí oko, òun náà ló sì ń gbé ẹrù oko padà wálé. Ẹlẹ́mu so agbè mọ́ ọn. Oníbúrẹ́dì di àpótí sẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ajíhìnrere náà sì gùn ún láti ìletò kan sí òmíràn.

Raleigh ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. Ìlú Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ní àwọn ọdún 1880. Èyí tó wọ́pọ̀ lábúlé ni dúdú onírin líle, tí táyà rẹ̀ jẹ́ 28 ínǹṣì, tó ní sípókù 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn, tí ọ̀pá irin sì ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò okùn wáyà. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ìwúwo máa ń wà, ìdí nìyí tí sípókù ẹ̀yìn fi pọ̀ ju ti iwájú lọ.

Ìjọba pàápàá ka kẹ̀kẹ́ sí nǹkan gidi nígbà náà, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Kódà, ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, nínú àfikún kẹrin rẹ̀, ṣì ka fífún kẹ̀kẹ́ ológeere ní láísẹ́ǹsì mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò. Nígbà tó yá ni alùpùpù dé, tí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Okada Air sọ ọ́ ní ọ̀kadà. Ó yára, kì í mú èèyàn làágùn. Bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ń dín kù.

Ẹ̀KỌ́ LÁRA ÀJÀLÁ

Ta ni kò mọ Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Olóyè Ebenezer Obey fi orin sọ di ìlú mọ̀ọ́ká? Bí èèyàn bá ń rìnrìn àjò jù nílẹ̀ Yorùbá, Àjàlá là ń pè é. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé alùpùpù Vespa ló gùn káàkiri ayé, tó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1963. Ohun tí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rántí ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ fi di olókìkí. Lọ́dún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Chicago dé Los Angeles. Ọ̀nà náà lé ní 2,200 máìlì, ọjọ́ 28 ló sì fi rìn ín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín in sí ojoojúmọ́, ó ju kí èèyàn gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ kó sì padà lọ, lójoojúmọ́, fún odindi ọjọ́ 28. Kò sí ẹni tó máa rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní í kan rọ́bà àti irin. Ìrìn àgbẹ̀ tó ń ti Ìròkò bọ̀ wá sí Mọ́níyà, tàbí ẹni tó ń ti Akànràn wọ Ìbàdàn, kò gùn tó ti Àjàlá. Àmọ́ ẹrù iṣu kò sí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Àjàlá. Bí ọ̀nà ti Àjàlá ṣe gùn tó ni ti àgbẹ̀ ṣe wúwo tó, ìmúra kan náà ni àwọn méjèèjì nílò.

KÍ Ẹ TÓ JÁDE NÍLÉ

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ tẹ táyà méjèèjì wò. Ẹ yí àgbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mì. Ẹ fa bíréèkì wò, ẹ di gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá tú, ẹ sì wo ṣéènì bóyá ó ti rọ̀ jù. Wàhálà tí a bá rí nílé kì í náni tó èyí tí a bá bá pàdé nínú igbó.

Ẹ wá di àpò kékeré kan. Àwọn nǹkan tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí: pọ́ǹpù, túùbù tuntun kan, sólúṣọ̀n àti ègé rọ́bà, sáńpépà díẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi ń ṣí táyà, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ yín mu, ẹ̀mú, ojú ṣéènì kan tó ní kílíìpù, rọ́bà wẹ́wẹ́ inú fáàfù, wáyà tín-ínrín, okùn, àkísà, òróró ẹ̀rọ nínú ìgò kékeré àti iná tọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo tó iṣu kan.

Ẹ ṣọ́ra fún sólúṣọ̀n o. Bí wọ́n bá ti ṣí i tẹ́lẹ̀, ó lè gbẹ sínú páìpù rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde. Àìmọye èèyàn ló ti gbé sólúṣọ̀n gbígbẹ rin ìrìn àjò.

TÁYÀ JÍJÒ NI ÀGBÀ WÀHÁLÀ

John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko kan ní ìlú Belfast, ló gba ìwé àṣẹ lórí táyà onífẹ́ẹ́fẹ́ lọ́dún 1888, nítorí kí kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ má baà máa gbọn ọmọ náà jù. Láti ìgbà tí afẹ́fẹ́ ti wọ inú táyà ni ẹ̀gún, ìṣó àti ìgò fífọ́ ti di ọ̀tá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́.

Bí táyà bá rọ̀, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi itọ́ sí ẹnu fáàfù. Bí ó bá ń hó, fáàfù ló ń jò, kì í ṣe túùbù. Ní ara àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, rọ́bà wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n fi bo irin inú fáàfù. Rọ́bà yìí máa ń gbó. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, tí ẹ fa atẹ́gùn sí i, wàhálà tán.

Bí fáàfù bá dára, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ yọ àgbá ẹ̀yìn, nítorí ṣéènì àti bíréèkì á sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kan táyà, kí ẹ sì fa túùbù síta láti ibẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, ibi tó bá ti ń hó ni ihò wà. Bí kò bá sí omi nítòsí, ẹ gbé túùbù sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ara á gbọ́ atẹ́gùn tí etí kò gbọ́.

Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi sólúṣọ̀n pa á. Ibí yìí ni ìwàǹwára ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ má tíì lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ìṣẹ́jú 5, títí tí kò fi ní í máa dán bí omi mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lẹ ègé rọ́bà mọ́ ọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká. Ẹ̀gún tó gún un lákọ̀ọ́kọ́ lè ṣì wà níbẹ̀, á sì tún un gún kí ẹ tó rìn dé ibi tí ẹ ń lọ. Àkísà ni kí ẹ lò, ẹ má fi ìka lásán ṣe é, nítorí ìgò kì í mọ olówó rẹ̀.

Bí táyà fúnra rẹ̀ bá ya, túùbù á máa yọ ojú síta bí ìfun, kò sì ní í pẹ́ bẹ́. Ẹ gé ègé táyà àtijọ́ tàbí aṣọ tó nípọn, kí ẹ fi tẹ́ inú ibi tó ya kí túùbù tó wọlé. Ẹ má kún atẹ́gùn rẹ̀ jù, kí ẹ sì máa rọra gùn ún.

Tí túùbù bá wá bàjẹ́ kọjá lílẹ̀ ńkọ́, tí kò sì sí òmíràn? Bí ibi tó bẹ́ kò bá fẹ̀, ẹ gé túùbù níbẹ̀, kí ẹ ta ẹnu méjèèjì ní kókó tó le, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Á máa ta gbọ̀n-gbọ̀n níbi kókó náà, ṣùgbọ́n á gbé yín dé ìletò tó kàn. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ já koríko tútù, kí ẹ kì í sínú táyà pinpin títí tí kò fi ní í lè gba ìka mọ́. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ kí ẹ tó gùn ún o. Ọgbọ́n àìrìnnà pẹ́ ni, kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

ṢÉÈNÌ, SÍPÓKÙ ÀTI ẸSẸ̀ KẸ̀KẸ́

Bí ṣéènì bá ń yọ, ó ti rọ̀ jù ni. Ẹ tú nọ́ọ̀tì àgbá ẹ̀yìn, ẹ fa àgbá náà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ rí i pé ó dúró sáàárín gbọọrọ, kí ẹ sì dì í padà. Ṣéènì tó dára máa ń mì sókè sódò díẹ̀ láàárín rẹ̀, bí ìwọ̀n ìbú ìka kan. Bí ó bá le bí okùn gòjé, òun náà á já.

Bí ó bá já, ojú ṣéènì tó ní kílíìpù tó wà nínú àpò yín ni dókítà rẹ̀. Nígbà tí kílíìpù bá wà lókè, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tó dí kọjú sí iwájú kẹ̀kẹ́, kí ẹnu rẹ̀ tó là kọjú sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi sódì, ó lè fò yọ. Bí ẹ kò bá ní kílíìpù, ẹ fi ìṣó àti òkúta lu ìdí irin tó so ojú ṣéènì pọ̀, kí ẹ yọ ojú tó bàjẹ́ àti èkejì rẹ̀, kí ẹ so ìyókù. Ẹ má lu irin náà yọ tán pátápátá, nítorí dídá a padà kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ṣéènì á kúrú sí i, ẹ ó sì ní láti ti àgbá ẹ̀yìn síwájú.

Lórí òróró, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi epo pupa sí ṣéènì. Á kọ́kọ́ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo pupa á dì, á máa kó eruku ojú ọ̀nà jọ, yóò sì máa jẹ irin bí ayùn. Òróró ẹ̀rọ díẹ̀ ló tó, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tó bá ṣẹ́kù sí ìta rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan dún “tín” lẹ́yìn, tí àgbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, sípókù ti kán nìyẹn. Àgbá ẹ̀yìn ló máa ń sábà ṣẹlẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹrù wà. Ẹ wé èyí tó kán mọ́ ara ẹnìkejì rẹ̀ kó má baà kọ́ ṣéènì. Bí àgbá bá ń kan bíréèkì, ẹ dẹ bíréèkì náà díẹ̀, kí ẹ sì rọra máa lọ. Ẹ má fi ọ̀kan tó kán ṣeré. Bí ẹ bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, àwọn tó kù á máa tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń dún “kọ́, kọ́” nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ wo irin kékeré tó so ó mọ́ àárín. Ó ti tú. Ẹ fi igi tàbí òkúta ti abẹ́ rẹ̀, ẹ rọra lù ú wọlé, kí ẹ sì di nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ẹ bá kọtí ikún sí ìró yẹn, irin náà á jẹ ara wọn débi tí kò ní í ṣeé dì mọ́. Ẹ sì rántí pé pẹ́dà ọwọ́ òsì kì í ṣe bíi ti ọwọ́ ọ̀tún. Òdìkejì ni wọ́n ń yí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti fi agbára ba ẹnu rẹ̀ jẹ́ nítorí pé wọn kò mọ èyí.

BÍRÉÈKÌ ÀTI ẸRÙ

Gbogbo èyí tí a ti sọ, ìdádúró ló ń fà. Bíréèkì lè gba ẹ̀mí. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, àwọn ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ kò sì tẹ́jú. Bí òjò bá rọ̀ sára ríìmù onírin tó ń dán, bíréèkì á máa yọ̀, kẹ̀kẹ́ á sì rìn jìnnà kó tó dúró. Ẹ tètè fà á nígbà òjò, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti jẹ tán, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ bá yọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fọwọ́ tì í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní àkókò òjò kan náà, ẹrẹ̀ pupa máa ń kún abẹ́ mọ́gáàdì títí àgbá kò fi ní í yí mọ́. Ẹ má fi ipá tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá igi tín-ínrín, kí ẹ fi kó ẹrẹ̀ náà dànù.

Ẹrù ńkọ́? Àpọ̀jù ẹrù ló ń bí ìdajì nínú wàhálà yìí. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn, sípókù á kán, táyà á bẹ́, iwájú á sì máa fò sókè bí ẹṣin tí inú ń bí. Ẹ pín in sí ọ̀tún àti òsì, kí ó wà nísàlẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ẹ sì dì í kó le. Okùn tó bá ń jò lọ́lọ́ lẹ́yìn, inú àgbá ló ń lọ.

BÍ Ó BÁ KỌ̀ JÁLẸ̀

Ìgbà kan wà tí ọgbọ́n á tán. Bí férémù bá dá sí méjì, tàbí tí ríìmù bá tẹ̀ wọnú, ẹ má bá a jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, nítorí ọkọ̀ tó ń sáré kò ní í rí ẹni tó tẹ̀ ba sídìí kẹ̀kẹ́. Ẹ fi fóònù sọ fún ará ilé ibi tí ẹ wà gan-an. Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ má jókòó sínú igbó dúró. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé tó bá súnmọ́ jù, kí ẹ kí baálé, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fọ́kánáísà tó ń lẹ táyà ọ̀kadà lè lẹ túùbù kẹ̀kẹ́, ẹni tó sì ń jó irin nílùú kékeré bíi Mọ́níyà tàbí Lálúpọn lè jó férémù tó dá.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí látijọ́, ọwọ́ yín ni ìyókù kù sí. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ yín kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kan ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ tú túùbù sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ lójú yín. Ẹ jẹ́ kó mọ ẹ̀yìn kílíìpù yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀, kó sì mọ pẹ́dà òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ náà, bí òfin bá ṣì ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ohun tó wà níkàáwọ́ yín, kíkọ́ ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kò ní í pọ̀ jù.

Epo lè wọ́n, ọ̀nà lè burú, àmọ́ oko kò ní í sún mọ́ ilé nítorí ìyẹn. Àgbẹ̀ tó ní kẹ̀kẹ́, tó ní àpò irinṣẹ́, tó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, á dé ọjà kí ọjà tó tú.